Ìkéde Tí Ó Bá Pẹ́, Ẹ̀tọ́ Ni Ó Ń Fi Du Akẹ́kọ̀ọ́

Láyé àwọn baba wa, akéde kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láàrin ìlú. Nígbà tí ọba àti àwọn ìjòyè bá ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà yíyẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún, ìbáà ṣe òfin tuntun lórí ọjà, akéde ni wọn yóò rán. Kì í lu agogo rẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà tí àgbẹ̀ wà lóko tí àwọn obìnrin sì wà lọ́jà. Ìrọ̀lẹ́ ni í lù ú, nígbà tí ó mọ̀ pé baba, ìyá àti ọmọ ti wà nílé. Kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà ààfin kí ó ké gbàjarè lẹ́ẹ̀kan kí ó sì padà wọlé. Àdúgbò dé àdúgbò ni í rìn. Bí ó bá ti ṣe èyí tán, kò sí ẹni tí ó lè wí pé òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá dé àdúgbò kan, tí àwọn ará ibẹ̀ sì tàsé àṣẹ náà, ẹjọ́ akéde ni àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ dá kí wọ́n tó dá ti ará àdúgbò.

Bí a bá wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa lónìí, a ó rí i pé ìlú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Wọ́n ní olórí, wọ́n ní ìgbìmọ̀, wọ́n ní ọjà, wọ́n ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu bodè. Wọ́n ní akéde pẹ̀lú: pátákó ìkéde tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ fúnra wọn, àti, ní ayé tuntun yìí, ìsọfúnni orí fóònù tí ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì lórí WhatsApp. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ pátákó kò ju ìwé pélébé lọ. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ òrùlé òbí rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn àgbà kà á sí ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n kàn ń pàṣẹ fún. Èrò wa ni pé ìkéde kì í ṣe oore tí aláṣẹ ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Gbèsè ni aláṣẹ jẹ, gbèsè náà sì ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ san án.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn pátákó wọ̀nyí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò rí ìwé tí ń pe ènìyàn sí àpérò tí ó ti wáyé láti oṣù tí ó kọjá. Yóò rí àwòrán ẹni tí ń du ipò ààrẹ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ohun tí ó fẹ́ ṣe. Yóò rí ìkéde ìsọjí, ìkéde ijó òpin ọ̀sẹ̀, ìkéde yàrá tí a fẹ́ fi háyà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, tí a ti fi ìwé mìíràn bò ó títí ó fi ku etí kan ṣoṣo níta, ni yóò ti rí ìkéde ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ aláìní fún odindi ọdún kan, ọjọ́ tí wọ́n yóò sì gba ìwé náà mọ ti parí ní àná.

Kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ kò kéde. Wọ́n kéde. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kéde, ọ̀tọ̀ ni kí ìkéde dé etí. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó mọ̀ pé bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí àwọn ọmọ kò sì gbọ́ ohun tí ó sọ, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ó ha.

ÀWỌN TÍ Ó ṢÍWÁJÚ

Àwọn kan a máa wí pé kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Pé ìwé ni kí ọmọ kà, kí ó gba oyè rẹ̀, kí ó sì máa lọ sílé. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1925, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wasu, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ: wàásù, kéde, jẹ́ kí ayé gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mínísítà ìjọba Churchill, wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì wí fún wọn pé ìlérí òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣe nínú oṣù yẹn kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Churchill fúnra rẹ̀ kò gba ìtumọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ ní etí akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ṣeé kó mọ́.

Nílé níbí, òmìnira wa kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn gbéra lọ sí Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, tí wọ́n lọ fi ẹ̀hónú hàn níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lórí àdéhùn ogun tí ìjọba wa fẹ́ bá Bìrìtìkó ṣe. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, ìjọba méjèèjì fa àdéhùn náà ya. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojú oorun ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ẹnìkan gbọ́, ó sọ fún ẹnìkejì. Ìpàdé wáyé, wọ́n sì jíròrò kí wọ́n tó gbéra.

A kò sì gbàgbé ìgbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ní ọdún 1978, ìjọba ológun kéde pé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́, yóò di náírà kan àti 50 kọ́bọ̀. Ohun tí ó bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú kì í ṣe owó nìkan. Ó dùn wọ́n pé a ti gbèrò tán, a ti pinnu tán, kí a tó wá sọ fún wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀, ìbọn dún, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣòfò. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ wọn, NUNS, ṣùgbọ́n ní ọdún 1980 wọ́n ti dá òmíràn sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NANS títí di òní. Ìkéde tí ó dé lẹ́yìn ìpinnu ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ayé òde òní fi í kọ́gbọ́n.

ÌDÌBÒ ỌDÚN 2023

A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 wò dáadáa, nítorí pé òun gan-an ni ó fà á tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àjọ INEC, tí ń ṣètò ìdìbò ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán, olùdìbò 93,469,008 ni ó wà nínú ìwé. Nínú wọn, 37,060,399 jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 18 sí 34. Àwọn tí ó sì kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 26,027,481. Kò sí oníṣẹ́ mìíràn tí ó pọ̀ tó wọn nínú ìwé náà. Àwọn àgbẹ̀ àti apẹja tí ó tẹ̀lé wọn jẹ́ 14,742,554. Èyí ni pé bí a bá kó olùdìbò mẹ́rin jọ, ó lé ní ẹnìkan nínú wọn tí ó pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́.

Òfin ìdìbò sì wí pé ibi tí orúkọ ènìyàn bá wà ni yóò ti dìbò. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò lè dìbò ní Ìkòròdú, bí ó tilẹ̀ mú káàdì rẹ̀ dání. Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ òun kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, ààyè wà láti béèrè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀: lọ́jọ́ ìdìbò, ṣé nílé ni n ó wà ni, tàbí nílé-ẹ̀kọ́?

Ta ni ó dá a lóhùn? Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nígbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Àkókò tí ìforúkọsílẹ̀ gbóná jù lọ bọ́ sí àárín rẹ̀. Àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ nílé wà bẹ́ẹ̀. Oníkálukú ń fi ojú inú wo ibi tí òun yóò wà.

Ó wá di oṣù Kejì ọdún 2023, ìdìbò ti kan ilẹ̀kùn, kí àṣẹ tó jáde láti ọ̀dọ̀ àjọ NUC, tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, pé kí gbogbo wọn ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni ààbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, àti kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ráyè lọ dìbò. A kò sọ pé ìdí náà burú. Ẹni tí ó bá rántí bí àwọn jàǹdùkú ti ń ṣe lásìkò ìdìbò kò ní bá ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ jà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì wà nílé jàǹfààní nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́. Ìforúkọsílẹ̀ ti parí láti ìparí oṣù Keje ọdún tí ó ṣáájú. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà ní ibùdó ìdìbò tí kò jìnnà sí ibùsùn rẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, kò sì sí ọ̀nà mọ́ láti mú orúkọ rẹ̀ dání lọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tálákà tí ilé rẹ̀ jìnnà, kí ó wá owó ọkọ̀ lọ, kí ó wá owó ọkọ̀ bọ̀, kí ó sì wá ilé ẹni tí yóò sùn sí. Bí ó bá jẹ́ ọmọ olówó, yóò ṣe é. Ìdìbò tí òfin fi fún wọn ní ìdọ́gba ti wá di ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Kò sì tán síbẹ̀. Ìdìbò gómìnà, tí wọ́n ti fi sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, wọ́n sún un sí ọjọ́ 18, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọjọ́ ìwọlé tí NUC dá ti ṣáájú ọjọ́ ìdìbò tuntun náà, ìṣirò gbogbo ènìyàn sì dàrú.

Nígbà tí a ka ìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì tán, kò pé mẹ́ta nínú olùdìbò mẹ́wàá tí ó jáde wá dìbò. A kò ní di gbogbo rẹ̀ ru ìkéde tí ó pẹ́. Àìsí owó náírà tuntun lóde, ìbẹ̀rù, àti àìnígbàgbọ́ nínú àwọn olóṣèlú, gbogbo wọn ní ìpín tiwọn. Ohun tí a ń sọ ni pé ìpín ti ìkéde nìkan ni a lè mú kúrò láìná kọ́bọ̀. Bí àṣẹ kan náà bá jáde ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìbá ti mọ ibi tí ó yẹ kí òun forúkọ sílẹ̀ sí. Àṣẹ náà kò ní yí padà. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ nìkan ni yóò yàtọ̀. Ìgbà ara là á búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

OWÓ TÍ A SAN, TÍ ẸNI TÍ A SAN ÁN FÚN KÒ MỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a tún mú ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àpò àwọn òbí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó dá àjọ NELFUND sílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìbéèrè fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Ti àwọn ìpínlẹ̀ tẹ̀lé e. Owó náà kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni àjọ náà ń san owó ìwé fún, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ó sì tún ń san 20,000 náírà lóṣù sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbọ́bùkátà. Ìgbà tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tí ó sì ti pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ni ètò sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀. Òfin ti ọdún 2023, tí tuntun yìí rọ́pò, ní kí owó tí ń wọlé fún ìdílé má ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì wá àwọn ènìyàn ńláńlá tí yóò ṣe onídùúró fún un. Òfin tuntun ti mú ìdènà yẹn kúrò.

Mélòó nínú ẹ̀yin òbí tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ó ti gbọ́ àlàyé yìí ní èdè tí ẹ gbọ́? Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ṣì gbà pé láìsí alágbára lẹ́yìn ẹni, a kò lè rí owó náà gbà. Òfin tí ó ti kú ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rù. Èyí tí ó tún burú jù ú lọ, àjọ NELFUND fúnra rẹ̀ figbe ta ní ọdún 2025 pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gba owó tí òun san lórí akẹ́kọ̀ọ́, wọn kò sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ gbọ́ ná! A san owó orí ọmọ, ọmọ kò mọ̀. Gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì tún lè máa ta aṣọ láti san owó kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ní irú ibi báyìí, àìkéde ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tàbí ìgbàgbé. Ó ti sún mọ́ ohun tí Yorùbá ní orúkọ mìíràn fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti àǹfààní ìrìn-àjò. Gbogbo ẹni tí ó ti kọjá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ pé ìkéde méjì ni ó máa ń wà: èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ pátákó, àti èyí tí olùkọ́ ń sọ sí etí ọmọ tí ó mọ̀. Èkejì a máa ṣáájú èkíní. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ìwé ìbéèrè tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó gbọ́ pé ohun kan wà láti béèrè. Nígbà tí a bá wá yan ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n, a ó wí pé òun ni ó mọ̀wé jù. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ̀, nítorí pé a kò jẹ́ kí àwọn yòókù sáré.

Ẹ̀YIN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Bí a ti ń bá àwọn aláṣẹ wí, a kò ní fi ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà fún olúkúlùkù. Púpọ̀ nínú yín ni ó lè sọ iye góòlù tí wọ́n gbá ní Mánṣẹ́sítà lálẹ́ àná, tí kò sì mọ orúkọ ẹni tí ń ṣojú wọ́ọ̀dù yín ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìkéde ijó, ẹ kì í tàsé rẹ̀. Ìkéde àpérò lórí òfin Ẹgbẹ́ yín, ènìyàn mẹ́wàá ni í wá. Nígbà tí ìdìbò Ẹgbẹ́ bá sì dé, ẹni tí ó pín ìrẹsì àti dátà fóònù ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé. Ọmọ tí ó ta ìbò rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ fún àwo ìrẹsì kan, iye wo ni a rò pé yóò tà á nígbà tí ó bá di baálé ilé?

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìkéde èké. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí irọ́ kan kì í ṣíṣẹ́ lórí fóònù: pé kí a san owó kan kí a tó lè rí ẹ̀yáwó gbà, pé kí a fi nọ́ńbà báńkì ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí a kò mọ̀. Bíbéèrè ẹ̀yáwó NELFUND, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín fún un, olè ni. Kí ẹ tó fi ìkéde ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ wo ẹni tí ó fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ọdún 2018, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jà fún títí Ààrẹ Buhari fi fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ti sọ ọ́ di pé ẹni ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ní ìpínlẹ̀ àti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Ẹni tí ó wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ní yunifásítì lónìí kò jìnnà sí ọjọ́ orí náà. Ibo ni ó ti fẹ́ kọ́ ìjọba, bí kò bá ti inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀?

OHUN TÍ A FẸ́

Kò dára kí a tọ́ka sí ọgbẹ́ kí a má sọ egbòogi. Èyí ni ohun tí a ń fẹ́.

Èkíní, INEC ti tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ní ìgbáradì fún ìdìbò gbogboogbò ọdún 2027. Kí NUC àti àwọn ìgbìmọ̀ yunifásítì, nínú ìdìbò yìí àti nínú èyíkéyìí tí yóò tẹ̀lé e, pinnu kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò wà ní ṣíṣí tàbí ní títì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá sì ti pinnu, kí wọ́n má yí i padà àyàfi nítorí ẹ̀mí ènìyàn.

Èkejì, ní ọjọ́ tí a bá ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, kí a fi ìdajì wákàtí kan ṣe àlàyé fún wọn lórí káàdì ìdìbò, lórí ẹ̀yáwó, àti lórí òfin Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́. A máa ń fi wákàtí púpọ̀ kọ́ wọn ní orin ilé-ẹ̀kọ́. Èyí náà kò pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìkéde ní orúkọ ẹni tí ó fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí ó jáde, ọjọ́ tí yóò parí, àti ibi tí a ti lè béèrè àlàyé. Kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa já èyí tí ó ti kọjá kúrò lórí pátákó. Ìkéde àǹfààní kò sì gbọdọ̀ dé etí ẹnìkan ṣáájú kí ó tó dé ojú pátákó.

Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gba owó lọ́wọ́ NELFUND lẹ orúkọ tàbí nọ́ńbà àwọn tí a san owó fún mọ́ ibi tí wọn yóò ti rí i, láàrin ọ̀sẹ̀ kan tí owó náà wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, kí a dẹ́kun àṣà kí a máa tú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ká ní gbogbo ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Bí akéde àwọn ọmọ bá kú, òfófó ni yóò jogún agogo rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí a gbé ohun tí ó bá kan òbí jáde ní Yorùbá, lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Ìyá tí ń san owó ìwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń sanwó fún.

A mọ̀ pé àwọn aláṣẹ kan yóò wí pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ ìdìbò nínú ọgbà, òṣèlú yóò bá a wọlé, ẹgbẹ́ yóò sì dojú ìjà kọ ẹgbẹ́. Èsì wa ni pé òṣèlú ti wọlé tipẹ́. Èyí tí ó wọlé ni ti owó àti ti ìrẹsì, nítorí pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ti ìmọ̀. Kí á sọ fún ọmọ ibi tí yóò ti forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dìbò kì í ṣe pé a sọ ẹni tí yóò dìbò fún.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ gbọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ lára àwọn kan. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ fún wọn ní àkókò, ní èdè tí ó yé wọn, ní ibi tí ojú wọn tó. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá dijú, ẹ̀bi di tiwọn. Títí ọjọ́ yẹn yóò fi dé, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ẹjọ́ wà.

Ẹ̀yin gíwá àti ìgbìmọ̀ yunifásítì, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ẹ̀yin aláṣẹ NUC àti INEC, ọ̀wọ̀ yín ni a fi ń sọ èyí. Mílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ènìyàn kì í ṣe iye tí a ń fi ìwé pélébé kan ṣeré lé lórí. Ẹ mú kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀ wá síwájú, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i kí ìforúkọsílẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn.